Bí A Ṣe Ń Mọ Ọmọ Tí Yóò Di Sárésáré

Ní ọjọ́ ìdíje eré ìje ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, nígbà tí abẹ́ àtíbàbà bá kún fún àwọn òbí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń fi ohùn gooro pe orúkọ ilé wọn, kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti mọ ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù lọ nínú eré mítà 100. Ìbọn ró, ọmọ náà bẹ́ síwájú, ó sì ti dé òpin kí àwọn arúgbó tó gbójú sókè. Ṣùgbọ́n eré mítà 800 àti eré mítà 1500, tí a lè pè ní eré ọ̀nà àárín nítorí pé wọn kò kúrú tó eré àsápajúdé, tí wọn kò sì gùn tó eré ọlọ́nà jíjìn, kò rọrùn láti kà bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan lè fi ogún mítà ya gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lónìí, kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí ìwé ìròyìn sì gbé àwòrán rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọmọ mìíràn tí ó ṣe ipò kẹfà lọ́jọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè orúkọ bàbá rẹ̀, a sì wá di ẹni tí gbogbo ayé ń wò.

Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, kékeré ni ó ti ń jẹnu ṣámúṣámú. Òwe náà kò ṣì. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé àwọn ènìyàn kò mọ èyí tí í ṣe ṣámúṣámú gan-an nínú ìṣe ọmọ tí ń sáré. Wọ́n rò pé iye ìṣẹ́jú tí aago kà lọ́jọ́ kan ni. Aago kì í purọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ náà jẹ́ lónìí nìkan ni ó lè sọ. Kò mọ ohun tí ó ná ọmọ náà kí ó tó dé ibẹ̀, kò sì mọ èyí tí ó ṣẹ́ kù nínú àpò rẹ̀.

Ìtàn ọmọkùnrin kan ní ìlú Wichita, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ni. Jim Ryun ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1947 ni a bí i. Ọmọ náà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ kò sì gbọ́ràn dáadáa. Ó fẹ́ràn eré ìdárayá púpọ̀, ṣùgbọ́n eré ìdárayá kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ bá àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ gbá irú bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi igi gbá, wọn kò mú un. Ó wá ààyè nínú ẹgbẹ́ eré ìje ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà kí ó tó wọ girama, ibẹ̀ náà kò gbà á. Bí ó bá ṣe ọmọ mìíràn ni, ìbá ti jókòó sílé jẹ́ẹ́. Nígbà tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Wichita East ní ọdún 1962, ó tún fi orúkọ sílẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí fún eré ìje tí a ń sá gba orí koríko àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi aago wọn eré máìlì kan tí ó sá níbẹ̀, ó lé ní ìṣẹ́jú 5 ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó lè sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn.

Bob Timmons, olùkọ́ eré wọn, kò lé e. Kí ọdún ẹ̀kọ́ náà tó parí, ọmọ tí ó lo ìṣẹ́jú 5 ààbọ̀ ó lé ti ń sá máìlì kan náà láìpé ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 10. Timmons sọ fún un pé ó lè jẹ́ ọmọ girama àkọ́kọ́ tí yóò sá máìlì kan kí ìṣẹ́jú 4 tó pé. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí, nítorí pé kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ní ayé ti ṣe irú rẹ̀ rí: ọdún 1954 ni Roger Bannister, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ ṣe é ní Oxford, àgbà ọkùnrin ẹni ọdún 25 sì ni. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1964, ní Compton ní ìpínlẹ̀ California, Ryun sá máìlì náà ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59. Ọmọ ọdún 17 ni. Ipò kẹjọ ni ó ṣe nínú eré náà. Ẹni tí ó bá jẹ́ pé ipò nìkan ni ó ń wò ìbá ti gbàgbé rẹ̀ kí ó tó délé. Ní ọdún 1966, Ryun sá máìlì kan ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 51.3, kò sì sí ẹni tí ó tíì sá a tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ayé.

Níbo wá ni ṣámúṣámú Ryun wà? Kò sí nínú ìṣẹ́jú 5 ààbọ̀ yẹn. Ó wà nínú bí ara rẹ̀ ti ń dá iṣẹ́ lóhùn. Àwọn kan wà tí a lè fún ní iṣẹ́ kan náà fún oṣù mẹ́ta, tí eré wọn kò sì ní sún ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Ti àwọn mìíràn a máa fò sókè bí àgbàdo tí òjò rọ̀ sí. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olùkọ́ bèèrè nípa ọmọ tí ó sáré dáadáa ni ohun tí ọmọ náà ti ṣe sẹ́yìn. Bí ọmọ méjì bá sá mítà 800 ní ìṣẹ́jú 2 géérégé, tí ọ̀kan ti ń gba ẹ̀kọ́ eré lọ́jọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, tí èkejì kò sì mọ̀ ju kí ó máa rìn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kí ó sì máa gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, eré wọn dọ́gba lójú aago, ṣùgbọ́n kò dọ́gba lójú ẹni tí ó lóye. Àgbẹ̀ tí ó bá rí oko méjì tí iṣu wọn tóbi bákan náà yóò kọ́kọ́ bèèrè èwo ni ilẹ̀ tí a ti da ajílẹ̀ sí, èwo sì ni ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ìdánrawò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí a fi aago wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, yóò sọ fún olùkọ́ ju ohun tí ìdíje mẹ́wàá lè sọ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdájọ́ ti ń ṣubú. Ọmọkùnrin méjì lè pé ọdún 14 ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kí irùngbọ̀n ọ̀kan ti máa yọ, kí ohùn rẹ̀ sì ti kẹ̀, kí èkejì ṣì máa fọhùn bí àbúrò rẹ̀ obìnrin. Bí a bá ka ọjọ́ ìbí, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Bí a bá wo egungun àti iṣan, ọdún méjì tàbí mẹ́ta lè wà láàrin wọn. Nǹkan bí ọdún 14 ni ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin máa ń ga kíákíá jù lọ, nǹkan bí ọdún 12 sì ni ti ọmọbìnrin, ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn a máa yá, ti ẹlòmíràn a sì máa pẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá yá yóò máa borí, nítorí pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ sí i, iṣan rẹ̀ sì ti le. Kì í ṣe pé ó mọ eré í sá ju àwọn yòókù lọ. Ó kàn ṣáájú wọn dé ọjà ni. Nígbà tí àwọn yòókù bá dé, tí wọ́n sì tẹ́ igbá tiwọn, ọlá rẹ̀ lè wọmi. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń gba ife ní ọmọ ọdún 15 kì í fi í sí láàrin àwọn àgbà tí ń gba wúrà. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dunni jù ni ti ọmọ tí ó pẹ́ dàgbà. Wọ́n ti sọ fún un pé kò lẹ́sẹ̀ eré, ó sì ti gbà wọ́n gbọ́. Nígbà tí àkókò rẹ̀ bá dé, kò sí lórí pápá mọ́ láti mọ̀ pé ó ti dé.

Kò gba owó láti yẹra fún àṣìṣe yìí. Olùkọ́ tí ó bá ń fi ẹfun sàmì gíga àwọn ọmọ rẹ̀ sí ara ògiri ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan yóò mọ ẹni tí ń ga lọ́wọ́. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ a máa gùn ju bí ó ti mọ̀ ọ́n lò lọ, orúnkún a máa dùn ún, eré rẹ̀ sì lè fà sẹ́yìn fún oṣù púpọ̀. Kì í ṣe ìgbà ìdájọ́ nìyẹn, kì í sì í ṣe ìgbà tí a ń fi iṣẹ́ wúwo kún iṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìṣirò yìí di asán bí ọjọ́ orí tí a kọ sílẹ̀ fún ọmọ náà kò bá jẹ́ òtítọ́. Ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún 15 nígbà tí ó ti pé 18 lè gba ife lọ́wọ́ àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n ó ti fọ́ olùkọ́ rẹ̀ lójú, ó sì ti gba ipò ọmọ kan tí ó yẹ kí a rí.

Eré ọ̀nà àárín ṣe àjèjì ní ti pé ó ń bèèrè ohun méjì tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀tá ara wọn: eré gbígbóná àti ìfaradà. Nínú agbára tí ènìyàn ń lò fún mítà 800, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ń wá láti inú èémí tí ó ń mí, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé lọ fún iṣan. Èyí tí ó kù, iṣan ń fi ipá ṣe é láìdúró de èémí, gbèsè rẹ̀ ni ó sì máa ń sọ ẹsẹ̀ di òjé ní ọgọ́rùn-ún mítà tí ó kẹ́yìn. Ní mítà 1500, ti èémí a tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Nítorí náà kò tó kí a mọ bí ọmọ ti sá mítà 800. A ní láti mọ ohun tí ó fi sá a.

Bí olùkọ́ bá fẹ́ mọ èyí, kí ó jẹ́ kí ọmọ náà sá mítà 400 pẹ̀lú ní ọjọ́ mìíràn. Kí a tún mú àwọn ọmọ méjì tí wọ́n jọ sá 800 ní ìṣẹ́jú 2. Ọ̀kan lè sá 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá 52, kí èkejì sá a ní 56. Bí a bá sọ 52 di ìlọ́po méjì, 104 ni. Ọmọ náà sọ ìṣẹ́jú-àáyá 16 nù nígbà tí ọ̀nà di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po méjì 56 jẹ́ 112. Èkejì sọ 8 péré nù. Ọmọ kejì yìí ti ń ná gbogbo owó rẹ̀ tán. Bí eré gbígbóná rẹ̀ kò bá pọ̀ sí i, ọ̀nà tí ó gùn ju 800 lọ ni ọrọ̀ rẹ̀ wà, yóò sì dára kí a tètè sọ fún un. Ọmọ àkọ́kọ́ ni ó ní owó tí kò tíì mọ̀ ọ́n ná. Bí a bá fi sùúrù kọ́ ọ ní ìfaradà, ìṣẹ́jú-àáyá 16 yẹn lè di 12 tàbí kí ó dín sí i.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí ṣe òfin. Alberto Juantorena, ọmọ ilẹ̀ Kúbà, tí ó gba wúrà 400 àti 800 pọ̀ ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Montreal ní ọdún 1976, ohun tí ọkùnrin mìíràn kò tíì ṣe nínú ìdíje náà, sá 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá 44.26, ó sì sá 800 ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 43.50. Tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15. David Rudisha ti Kẹ́ńyà sọ ìwọ̀nba 10 nù: eré 400 rẹ̀ tí ó dára jù jẹ́ 45.50, ti 800 sì jẹ́ ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40.91. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà dé orí àga kan náà. Àwọn méjèèjì ga, ẹsẹ̀ wọn sì gùn, tí àwọn ènìyàn fi ń wí pé gíga ni eré 800; wọ́n gbàgbé Sebastian Coe, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò ga tó wọn, tí kò sì tóbi tó wọn, tí eré rẹ̀ ti ọdún 1981 sì wà lókè gbogbo ayé fún ọdún 16.

Bí ọmọ ti ń pín agbára rẹ̀ lórí pápá tún yẹ ní wíwò. Ní ìdíje ilé-ẹ̀kọ́, ìbọn kì í tíì dákẹ́ tí àwọn ọmọ yóò ti máa sáré bí ẹni tí ejò ń lé. Nígbà tí ó bá ku igba mítà, wọn a máa mi orí bí aláǹgbá. Ẹni tí ó sá ìyípo kìn-ín-ní ní ìṣẹ́jú-àáyá 58, tí ó sì fi 66 sá èkejì, kò burú. Ìgboyà ni ó ní, ọgbọ́n ni ó kù. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 15 tí kò ní aago lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́, tí ó sì sá ìyípo méjèèjì ní 62 àti 62, ti gbọ́ ohun tí ara rẹ̀ ń sọ, èyí sì ṣọ̀wọ́n. Eré tí Rudisha sá ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2012 lọ báyìí: 49.28 ní ìyípo kìn-ín-ní, 51.63 ní èkejì. Òun ni ó wà níwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ mọ bí wọ́n ti ṣe rí Rudisha. Colm O'Connell, ọmọ ìjọ Kátólíìkì láti Ireland, dé ìlú Iten ní orí òkè ilẹ̀ Kẹ́ńyà ní ọdún 1976 láti kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ní St Patrick's High School. Kì í ṣe olùkọ́ eré rárá. Ohun tí ó mọ̀, orí pápá àti lára àwọn ọmọ ni ó ti kọ́ ọ. Nígbà tí Rudisha dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, 400 ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń rò, kò sì yani lẹ́nu, nítorí pé bàbá rẹ̀ wà nínú àwọn mẹ́rin tí ó gba fàdákà fún Kẹ́ńyà nínú eré 400 alárọ̀ọ́wọ́tó ní Mẹ́síkò ní ọdún 1968. O'Connell ni ó ní kí ó dán 800 wò. Ní 2006, Rudisha gba ipò kìn-ín-ní láàrin àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀nà ti tẹ́jú láti ìgbà náà, kò rí bẹ́ẹ̀: ìpalára kò jẹ́ kí ó lọ sí Òlíḿpíìkì ti 2008, ní ìdíje àgbáyé ti 2009 ní Berlin kò sì dé àṣekágbá. Ẹni tí ó bá ṣe ìdájọ́ rẹ̀ ní ọdún yẹn ìbá ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn tí ń tètè yọ, tí wọ́n sì ń pẹ́, wà pẹ̀lú. Jakob Ingebrigtsen, ọmọ ilẹ̀ Norway, sá máìlì kan láìpé ìṣẹ́jú 4 ní 2017 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ó sì gba wúrà 1500 ní Tokyo ní 2021.

Ti àwọn ọmọbìnrin gba ìṣọ́ra tirẹ̀. Nígbà tí ara wọn bá ń di ti obìnrin, ìbàdí a máa gbòòrò, ara a sì máa wúwo sí i, tí eré ọmọ tí ó jẹ́ àrà ní ọdún 13 fi lè dúró lójú kan fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Olùkọ́ tí kò mọ èyí yóò ní ọ̀lẹ ni, tàbí kí ó pàṣẹ pé kí ó dín oúnjẹ kù. Àṣẹ yìí ti ba ọ̀pọ̀ jẹ́. Ọmọbìnrin tí kò jẹun tó bí ó ti ń sáré tó, nǹkan oṣù rẹ̀ lè dáwọ́ dúró, egungun rẹ̀ a di ẹlẹgẹ́, a sì máa sán láìsí pé ó ṣubú. Bí ó bá jẹun, tí ó sùn, tí a kò sì kánjú, eré náà sábà máa ń padà.

Ohun kan ṣì wà tí aago àti àmì ara ògiri kò lè wọ̀n, òun náà ni ìwúwo ohun tí àwọn ènìyàn gbé ka ọmọ lórí. Láti ìgbà tí Ryun ti sá máìlì ti Compton, kò tún sáré fún ara rẹ̀ nìkan mọ́. Ní Mẹ́síkò ní 1968, ní ìlú tí ó fi nǹkan bí mítà 2,240 ga ju òkun lọ, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì fúyẹ́, Kip Keino ti Kẹ́ńyà, ẹni tí òkè ti mọ́ lára, fi í sí ipò kejì ní 1500. Ọmọ ọdún 21 tí ó gba fàdákà Òlíḿpíìkì ni àwọn kan ní ilẹ̀ rẹ̀ ń bá wí bí ẹni tí ó dójú tì wọ́n. Ní ọdún 1969, ní àárín ìdíje kan ní Miami, ó yà kúrò lórí pápá láìṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ó sì pa eré tì. Ọdún 1971 ni ó tó padà. Ní Munich ní ọdún 1972, nínú ìpele àkọ́kọ́ eré 1500, òun àti Billy Fordjour, ọmọ ilẹ̀ Gánà, kọlu ara wọn, ó sì ṣubú lulẹ̀. Ó dìde, ó sá eré náà parí, ṣùgbọ́n àwọn yòókù ti lọ jìnnà.